Ẹ Bi Òmùwẹ̀: Òkun Ìgbà Òtútù Kì í Dúró Sójú Kan

Láti ìgbà tí mo ti kọ ọ́ sínú abala yìí pé inú òkun Brighton, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ti ń lúwẹ̀ẹ́ láti oṣù kìn-ín-ní títí dé oṣù kejìlá, lẹ́tà kò yéé wọlé. Àwọn kan fẹ́ mọ̀ bóyá orí mi pé; ìyàwó mi ni mo gbé ìyẹn fún kó dáhùn, nítorí ó ti tó ọdún 11 tí òun náà ti ń ṣe ìwádìí rẹ̀. Àwọn tó kù jẹ́ ọmọ Yorùbá tó ti ń wọ omi náà tàbí tó fẹ́ wọ̀ ọ́, àwọn sì ni ọ̀rọ̀ òní wà fún. Ìwọ̀n Celsius ni gbogbo dígírì tí mo bá dárúkọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, mo kí yín o. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, etí omi ni wọ́n bí mi sí, mi ò tíì pé ọmọ ọdún méje tí mo ti ń wẹ odò já. Oṣù kẹsàn-án ni mo dé Brighton. Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejìlá, mo bọ́ aṣọ, mo sì bẹ́ sínú òkun gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe nílé. Èémí mi já. Mo mu omi iyọ̀, apá mi kọ̀ láti ṣiṣẹ́, nígbà tí mo sì rá pálá jáde, orí òkúta ni mo jókòó sí títí àyà mi fi balẹ̀. Ṣé mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ni? — Ọmọ Ìlàjẹ, Brighton

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ ò gbàgbé nǹkan kan. Ohun tó ṣe yín kò kan mímọ̀-ọ́n-wẹ̀ rárá. Awọ ara yín ló ṣe é. Nígbà tí òtútù bá ká awọ ara mọ́ lójijì, ènìyàn á fa èémí ńlá kan sínú, ì báà fẹ́, ì báà kọ̀. Lẹ́yìn náà ni èémí á wá máa sáré lé ara wọn bíi ti ẹni tí ajá ń lé, ọkàn á máa lù kìkì, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì ru. Bí orí bá wà lábẹ́ omi lásìkò tí èémí ńlá yẹn bá dé, omi ni ènìyàn yóò fà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bá ẹnikẹ́ni tó bá bẹ́ gìjà sínú òkun níṣojú mi wí, bó tilẹ̀ jẹ́ àgbà.

Omi tó bá ti tutù ju dígírì 15 lọ ti lè ṣe èyí. Òkun tó ń bì lu Ayétòrò tiyín kì í sábà wá sí ìsàlẹ̀ dígírì 24. Ti Brighton nínú oṣù kejìlá kò ju nǹkan bí dígírì 10 lọ. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ni odò ń gbé lọ: ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ á dúró sí etí omi, á máa fi ìka ẹsẹ̀ tọ́ ọ wò, ẹ̀yin tí omi jẹ́ ilé yín ni ẹ ó wọ̀ ọ́ láìwò ó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Mike Tipton ti Yunifásítì Portsmouth, ìlú tí kò jìnnà sí wa ní apá ìwọ̀ oòrùn, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí iṣẹ́ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ni pé ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló léwu jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kì í ṣe òtútù tó ń wọra díẹ̀díẹ̀ tí gbogbo wa ń bẹ̀rù. Ìpayà náà máa ń le jù láàárín ààbọ̀ ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ó sì máa ń rọlẹ̀ kí ìṣẹ́jú 3 tó pé. Wọ́n tún rí i pé bí ènìyàn bá wọ omi tútù ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà, ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó lè dín ìpayà náà kù sí ìdajì, ara kì í sì í tètè gbàgbé ẹ̀kọ́ náà; ó lè gbé e pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Nítorí náà, ẹ padà lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ mú ẹnìkan dání, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ rìn wọlé. Bí omi bá dé ìbàdí, ẹ dúró, ẹ bu omi sí ojú àti ẹ̀yìn ọrùn, ẹ máa rọra tú èémí jáde. Nígbà tí omi bá mù mí dé èjìká, ohun tí èmi máa ń sọ sókè ni: “Mo ra dòdò ní Ìdó, mo jẹ dòdò ní Ìdó, mo fọwọ́ dòdò ra ọmọ onídòdò nídodo.” Bí èémí bá já mọ́ mi lẹ́nu kí n tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ onídòdò, a jẹ́ pé kò tíì tó àkókò láti lúwẹ̀ẹ́. Àwọn òyìnbó tí a jọ ń wọ omi ti kọ́ ọ. Dòdò tiwọn kì í jinná, ṣùgbọ́n èémí tó gùn ni a ń wá, kì í ṣe ohùn tó dùn.

Bí ìpayà bá tún mú yín lójijì, ẹ ṣe ohun tí RNLI, ẹgbẹ́ adóòlà ojú òkun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1824, ń kọ́ gbogbo ènìyàn: ẹ má bá omi jà, ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sórí omi kí etí wọnú rẹ̀, kí ojú kọ òkè, kí ẹ máa fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rọra gbọ́n omi títí èémí yóò fi padà sípò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó tó ronú ibi tí ẹ ó gbà jáde.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Nọ́ọ̀sì ni mí. Láti oṣù kẹsàn-án ni mo ti ń wọ òkun lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìdajì wákàtí ni mo sì máa ń lò, ara mi ti mọ́ ọn. Ní ìparí oṣù kejì, bí mo ṣe ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́ òru lọ́jọ́ kan, oòrùn yọ, afẹ́fẹ́ tura, mo ní kí n kọ́kọ́ wẹ̀ kí n tó lọ sùn. Kò sí ohun tó ṣe mí nínú omi, mo tiẹ̀ ń gbádùn ara mi. Mo jáde tán, mo dúró bá àwọn ènìyàn tàkúrọ̀sọ, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ni gbígbọ̀n bá dé. Mi ò lè ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò ilẹ̀kùn mọ́tò. Kí ló dé tí òtútù fi dúró dè mí lórí ilẹ̀? — Nọ́ọ̀sì kan, Hove

ÌDÁHÙN: Ara yín mọ́ ọn lóòótọ́, Nọ́ọ̀sì wa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó mọ́. Ìpayà ni. Èémí yín kì í já mọ́, àyà yín kì í là gààrà mọ́, ẹ sì ń rò pé òtútù ti di ọ̀rẹ́ yín, bẹ́ẹ̀ omi kò dẹ́kun àtimáa kó ooru ara yín lọ, ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ tó tutù tó bẹ́ẹ̀ ṣe lè kó o lọ. Lójú tèmi, ìṣòro tó ga jù fún ẹni tó ti pẹ́ nínú òkun nìyí. Ẹni tuntun ní ìpayà tó ń lé e jáde. Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ ọn kò ní olùléjáde kankan bí kò ṣe aago ọwọ́ rẹ̀.

Oòrùn náà tàn yín jẹ. Òkun kì í bá ojú ọjọ́ rìn. Ó lọ́ra láti gbóná, ó sì lọ́ra láti tutù. Ní ìparí oṣù kẹjọ àti nínú oṣù kẹsàn-án ni tiwa máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù lọ, nǹkan bí dígírì 17 tàbí 18, ìparí oṣù kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ló sì máa ń tutù jù, nǹkan bí dígírì 7 tàbí 8, lásìkò tí òdòdó ti ń yọ lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn ènìyàn sì ti ń bọ́ kóòtù. Ìdajì wákàtí tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án ni ẹ gbé dé oṣù kejì láì gé etí rẹ̀. Ẹ ra tẹmómítà kékeré tó ní okùn, ẹ so ó mọ́ ọwọ́ tàbí mọ́ bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ọsàn tí ẹ ń fà tẹ̀lé ara yín, kí omi fúnra rẹ̀ máa sọ iye dígírì tó wà fún yín.

Àwọn tó ń wọ òkun ní ìgbà òtútù sábà máa ń sọ pé ìṣẹ́jú kan fún dígírì kan. Òrùlé ni mo ka ìyẹn sí. Kò sí ẹni tó ní dandan ni kí orí yín kàn án. Mo máa ń yọ kúrò nínú rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, bí ebi bá ń pa mí, tàbí bí mi ò bá sùn dáadáa. Iṣẹ́ òru tí ẹ fi ẹnu kan dárúkọ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí nínú lẹ́tà yín. Bí ẹ bá bi mí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìṣẹ́jú 5 ni ǹ bá fún yín, ǹ bá sì tún wo ojú yín kí n tó fún yín ní ìyẹn.

Ní ti òtútù tó dúró dè yín lórí ilẹ̀, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí: nínú omi, ara máa ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ apá àti ẹsẹ̀ pọ̀ kí ooru lè ṣẹ́kù sí àyà àti ikùn, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ẹ bá jáde, ẹran ara òde ti tutù gan-an nígbà tí inú ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ooru inú á wá máa ṣàn lọ sí ibi tó tutù, inú ara á sì máa tutù sí i fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 30 lẹ́yìn tí ẹ ti gbẹ́sẹ̀ kúrò nínú omi. Àkókò tí ẹ fi tàkúrọ̀sọ nínú aṣọ tútù ni ẹ̀ bá fi wọ ẹ̀wù.

Mo sọ èyí láìfi yín ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí irú rẹ̀ ṣe mí. Ní ọdún kejì mi, mo jáde, mo fẹ́ ṣe bí ọ̀gá, mo kọ́kọ́ gbé fúláàsì tíì ata ilẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan aṣọ. Mo ń wo àwọn ìka mi lórí ìdérí fúláàsì náà: orí wọn funfun bí ẹfun, mo ń pàṣẹ fún wọn, wọn kò sì dá mi lóhùn. Eyín ni mo fi ṣí i nígbẹ̀yìn. Tíì dà sínú bàtà mi; mo ń rí èéfín rẹ̀ tó ń rú jáde láàárín okùn bàtà, ẹsẹ̀ mi kò sì mọ̀ ọ́n lára rárá.

Láti ìgbà náà, mo máa ń to aṣọ sílẹ̀ kí n tó wọ omi, èyí tí n ó kọ́kọ́ wọ̀ ló máa wà lókè. Ara òkè ni mo kọ́kọ́ ń nù, ẹ̀wù onírun tí kò ní bọ́tìnì ló ń tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà fìlà, ṣòkòtò, ìbọ̀sẹ̀, ìgbà náà ni tíì. Ẹ má sáré lọ sábẹ́ omi gbígbóná nílé nígbà tí ẹ ṣì ń gbọ̀n, nítorí ó máa ń ṣí òpó ẹ̀jẹ̀ awọ sílẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ á sì wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè dákú. Ẹ má wa mọ́tò títí gbígbọ̀n yóò fi tán. Dòdò Ìdó tí mo fi wọlé ni mo tún fi ń jáde: bí ahọ́n ẹnìkan bá wúwo débi pé ó ń lọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ra wọn, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tó ń bínú láìnídìí, a kì í fi í sílẹ̀ nìkan, bí kò bá sì tètè sàn, 999 ni a ń pè.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Irun dídì ni mo fẹ́ràn, owó ńlá sì ni mo ń san lé e lórí. Ṣé òkun yìí tó bẹ́ẹ̀ kí n gé irun sí? — Onírun, Worthing

ÌDÁHÙN: Kò tó bẹ́ẹ̀. Bí dígírì bá ti lọ sílẹ̀, púpọ̀ nínú wa kì í ti orí bọmi mọ́, fìlà onírun ni a fi ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹni ń lọ ọjà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ojú wọnú omi, ẹ ra fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ ńlá tí wọ́n ṣe fún irun bíi tiwa. Soul Cap ni orúkọ ọ̀kan nínú wọn, òun ni FINA, àjọ tó ń darí ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ lágbàáyé nígbà náà, kọ̀ láti fọwọ́ sí ní ọdún 2021, ọdún tí Alice Dearing di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó lúwẹ̀ẹ́ fún Bìrìtéènì nínú ìdíje Òlíḿpíìkì. Ní ọdún 2022 ni wọ́n tó gbà á wọlé. Ohun kan péré ni kí ẹ ṣọ́: irun dídì tó bá mu omi máa ń di omi tútù náà mú pẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ sí i, ọrùn ni òtútù ń gbà wọlé. Ẹ fún un gbẹ kí ẹ tó dé ohunkóhun lé e.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 19, SS ni jẹnotáìpù rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì fẹ́ wọ òkun ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún, ó ní ìṣẹ́jú kan péré ni. Kí ni kí n sọ fún un? — Ìyá rẹ̀, Portsmouth

ÌDÁHÙN: Ẹ sọ fún un pé kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, ìyá wa, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un kó má baà dà bí àṣẹ lásán. Òtútù máa ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ SS sì máa ń há sínú òpó tó bá ti fún, ìrora tí ẹ̀yin méjèèjì ti mọ̀ dáadáa ló sì ń tẹ̀ lé e. NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ yìí, pàápàá kìlọ̀ fún àwọn tó ní àìsàn náà pé kí wọ́n má ṣe lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tútù. Ìṣẹ́jú kan kò kéré jù fún un. Kó di aṣọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, kó sì máa wo aago fún wọn, iṣẹ́ gidi ni. Ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ́ AS yàtọ̀, ṣùgbọ́n kí òun náà bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, bákan náà ni ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn tàbí ikọ́ fée.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, tọkọtaya ni wá, Margate ni a ń gbé. Aago méjì ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ni a ń lọ wẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan omi á wà níbi ẹsẹ̀ wa, ọ̀sẹ̀ kejì a ó rìn títí kí ó tó dé orúnkún. Ọjọ́ kan á pa rọ́rọ́, ọjọ́ kejì á máa gbá wa bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Ẹ fún wa ní òfin kan tí a lè máa tẹ̀ lé. — Tọkọtaya, Margate

ÌDÁHÙN: Òfin kan ṣoṣo kò sí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìdí tí kò sì fi sí wà nínú lẹ́tà yín: aago méjì. Aago tiyín kì í yẹ̀, ti òkun ń yẹ̀ lójoojúmọ́. Láti ìgbà tí omi bá kún títí di ìgbà tó bá fà tán, wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, nítorí náà ìkún omi ọ̀la máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju tòní lọ. Ẹ fi ọjọ́ 7 sọ ọ́ di púpọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé wákàtí 6. Ìyẹn ni pé bí òkun bá kún bámúbámú ní aago méjì ọjọ́ Ìsinmi yìí, aago méjì ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ó ti fà lọ jìnnà. Ẹ wo àkọsílẹ̀ ìkún àti ìfà omi ti Margate lórí fóònù ní ọjọ́ Sátidé, kí ẹ wá fi wákàtí tiyín sí ibi tí tirẹ̀ bá wà.

Ẹ wo òṣùpá pẹ̀lú. Nígbà tí òṣùpá bá ràn mọ́jú, àti nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, òkun máa ń kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì máa ń fà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Brighton níhìn-ín, ìyàtọ̀ láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè tó nǹkan bí mítà 6 lásìkò náà, nígbà tó jẹ́ pé ó lè dín sí ìdajì ìyẹn nígbà tí òṣùpá bá wà ní ìlàjì. Gbogbo omi yẹn ní láti gba ibì kan kọjá, wákàtí kẹta àti ìkẹrin lẹ́yìn ìkún tàbí ìfà sì ni ó ń sáré jù. Ẹ lè máa fi gbogbo agbára lúwẹ̀ẹ́ nígbà náà kí ilé kan náà ṣì máa wò yín láti etíkun.

Ní ti afẹ́fẹ́, ẹ má ṣe fi tèmi díwọ̀n tiyín. Brighton kọjú sí gúúsù, Margate kọjú sí àríwá. Afẹ́fẹ́ gúúsù-ìwọ̀-oòrùn tó ń fẹ́ jù ní ilẹ̀ yìí máa ń ti ìgbì wá bá wa, á sì máa gbé wa lọ sí ìhà ìlà oòrùn. Lọ́jọ́ náà gan-an, òkun tiyín lè tẹ́jú bí epo inú àwo. Ìtẹ́jú yẹn ni kí ẹ fura sí, nítorí ẹ̀yìn yín ni afẹ́fẹ́ ń gbà, ó sì ń ti ohun tó bá léfòó kúrò ní ilẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ láti àríwá, àwa la ó rí ìtẹ́jú, ẹ̀yin lẹ ó rí ìgbì.

Inú yín ì bá dùn bí ẹ bá ń lo adágún Walpole Bay tó wà ní Cliftonville lọ́dọ̀ yín, èyí tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1937, éékà 4 gbáko, ògiri rẹ̀ a sì máa dá omi òkun dúró nígbà tí òkun bá fà. Ìgbà tí ògiri náà bá hàn síta ni kí ẹ wọ̀ ọ́. Bí òkun bá ti bò ó mọ́lẹ̀, adágún kò sí níbẹ̀ mọ́, òkun ni, ògiri tí ẹ kò rí sì wà nínú rẹ̀. Bí òjò ńlá bá sì ti rọ̀, ẹ fún omi ní ọjọ́ méjì, nítorí inú òkun ni àwọn ilé iṣẹ́ omi ń tú omi ìdọ̀tí tó bá kún àkúnya sí. Ẹgbẹ́ Surfers Against Sewage ní áàpù tó ń sọ ibi tí wọ́n ti tú u. Kò sí ẹ̀ṣọ́ adóòlà lórí etíkun wa ní ìgbà òtútù, nítorí náà kí fóònù wà lọ́wọ́ ẹni tó bá dúró lórí ilẹ̀. Tí wàhálà bá dé, kó pe 999, kó béèrè fún Coastguard, kó má sì wọ omi tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni.

Ohun tí èmi ń ṣe kò ju pé kí n dúró fún ìṣẹ́jú 10 pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn. Mo máa ń wá ibi tí n ó gbà jáde kí n tó wá ibi tí n ó gbà wọlé, nítorí òkúta Brighton ga gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nígbà tí omi bá kún, ìgbì á sì máa dà wó lé e lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibi ìjáde ni ó ti ń ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀. Bí omi bá fà, yanrìn á yọ, ilẹ̀ á tẹ́, òkun náà á sì gba ènìyàn tọwọ́tẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kìn-ín-ní tó kọjá, àwa mẹ́rin la pàdé níbẹ̀, ọ̀kan nínú wa sì ti wakọ̀ láti Croydon. Dígírì 8, ìkún omi ku ìdajì wákàtí, ìgbì ń há òkúta wẹ́wẹ́ lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ariwo ṣàràrà, ó sì ń gbé e padà wá. A ka ìgbì méje tó tẹ̀ lé ara wọn, kò sí èyí tó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá ṣubú láti dìde kí èkejì tó dé. Ará Croydon wò wá, ó sì wo òkun. A padà sínú mọ́tò rẹ̀, a mu tíì ata ilẹ̀ náà tán, a pín mọ́ínmọ́ín tó gbé wá, aṣọ ìnura mi sì gbẹ títí mo fi délé.